Bí ẹ ṣe lè lọ sí àgọ́ orin àti ijó ìbílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ohun tí ẹ kọ́ sì dúró lára yín

Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà tí ó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní àgọ́ orin àti ijó ìbílẹ̀ ni pé inú rẹ̀ á dùn títí di ọjọ́ tí yóò padà sílé, ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, orin ti sá lọ, ègbè nìkan ni ó kù lẹ́nu, bí ó bá sì dìde láti fi ijó han ọ̀rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró síbi tí apá kejì ijó náà ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ bá a débẹ̀: ohùn wọn á ti há ní ọjọ́ kẹta, tàbí kí orúnkún wọn wú, wọn á sì fi ìyókù ọ̀sẹ̀ náà jókòó máa wòran. Àwọn wọ̀nyí kò ya òpè, wọ́n sì ní ẹ̀bùn. Wọ́n kàn fẹ́ kọ́ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni, wọn kò sì padà sórí ọ̀kankan lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ dé ilé pẹ̀lú orin méjì àti ijó méjì tí ó lè dá ṣe, kí ohùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní pípé.

Ohun tí ẹ óò nílò

Ẹ wá bàtà ijó méjì, nítorí pé òógùn á mú ọ̀kan tutù, kò sì dára kí a fi bàtà tútù jó. Kí ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ awọ tí ó ń yọ̀ díẹ̀ lórí pákó. Bàtà eré ìdárayá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí ara bá yí tí ẹsẹ̀ kò yí, orúnkún ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgọ́ kì í sì í fẹ́ kí a wọ bàtà tí a fi rìn níta wọ inú gbọ̀ngàn, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ tí ó há sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ba ilẹ̀ pákó jẹ́.

Ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ tí ó pọ̀ ju iye ọjọ́ tí ẹ óò lò lọ, ẹ̀wù fífúyẹ́ tí ẹ lè pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, aṣọ ìnura kékeré, ìgò omi tí ó gba lítà kan, báńdéèjì tí ń lẹ̀ mọ́ ara fún ibi tí bàtà bá ti ń ha ẹsẹ̀, oògùn tí ń lé kòkòrò, tọ́ọ̀ṣì fún ọ̀nà inú òkùnkùn, àti ohun tí a fi ń dí etí, nítorí pé àwọn kan á ṣì máa kọrin lábẹ́ fèrèsé yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò ju ìwé kékeré kan tí ó lè wọ àpò, pẹ́ńsù méjì, àti fóònù tí ẹ ti pa ohun tí kò wúlò rẹ́ lórí rẹ̀ kí ó lè gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn ojoojúmọ́, ẹ mú èyí tí ó ju iye ọjọ́ náà lọ dání, torí ọ̀pọ̀ àgọ́ ni ó wà níbi tí ó jìnnà sí ilé oògùn.

Ìpele 1: Ẹ yan àgọ́ tí ó bá ète yín mu

Àgọ́ kò rí bákan náà. Ní Pinewoods, tí ó wà nínú igbó nítòsí Plymouth ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ pákó abẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri ni a ti ń jó, adágún omi sì wà nítòsí. Àgọ́ ijó ti Stockton ní California, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, lo ọgbà yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì máa ń pe olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ẹni tí ó gbádùn ọ̀kan nínú irú àgọ́ méjì yìí lè máà gbádùn èkejì rárá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ó ń ṣètò rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí àwòrán inú ìpolówó kò lè dáhùn. Ṣé wákàtí kan náà ni kíláàsì orin àti ti ijó bọ́ sí, tí ẹni tí ó bá mú ọ̀kan á fi pàdánù èkejì? Ṣé àwọn onílù àti olórin ni ó ń lù fún ijó, àbí orin tí a ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń lò? Ṣé wọ́n fàyè gba kí a gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀? Báwo ni ibi ìsùn ṣe jìnnà sí gbọ̀ngàn tó, ṣé òkè sì wà láàárín wọn? Kí ni wọ́n ń pè ní kíláàsì àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí pé ní àgọ́ kan, ẹni tí kò jó rí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní òmíràn, ẹni tí ó ti ń jó fún ọdún méjì tí kò kàn tíì lọ sí àgọ́ rí ni.

Ẹ ṣọ́ra níbí: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí orúkọ olùkọ́ ńlá forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì tí ó ga jù wọ́n lọ. Nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, olùkọ́ á fi ìgbésẹ̀ han lẹ́ẹ̀mejì péré, orin á bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá rí i mú á máa wọ́ tẹ̀lé àwọn yòókù, kò sì ní rí nǹkan kan gbé lọ sílé. Ẹ mú kíláàsì tí kò tó agbára yín díẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí agbo ijó alẹ́ jẹ́ ibi tí ẹ óò ti dán agbára yín wò.

Àyẹ̀wò: Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sínú ìwé yín nípa ohun tí ẹ fẹ́ lè ṣe nígbà tí ẹ bá padà dé, fún àpẹẹrẹ: "Mo fẹ́ lè lé orin kan fún ènìyàn mẹ́wàá láìwo ìwé, kí n sì lè kọ́ wọn ní ijó kan." Bí ẹ kò bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ, ẹ kò tíì mọ irú àgọ́ tí ẹ ń wá, ó sì yẹ kí owó yín ṣì wà lápò.

Ìpele 2: Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà múra ara àti ohùn sílẹ̀

Ìdí tí ìṣòro fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ni pé ẹni tí ó ń jókòó sí ibi iṣẹ́ láti oṣù dé oṣù ṣàdédé ń jó fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, tí ó sì tún ń kọrin láàárín rẹ̀. Iṣan máa ń tètè gba iṣẹ́ tuntun mọ́ra, ṣùgbọ́n okùn iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti ti orúnkún kì í yára bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ni tiwọn ń gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ máa jó nílé fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, sí orin èyíkéyìí tí ó bá wù yín, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí tí yóò fi di ìṣẹ́jú 45 ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ní ojoojúmọ́, ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ìgbà 15. Ẹ tún máa fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, lẹ́yìn náà èkejì; ìgbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu ló rọrùn jù fún èyí. Ní ti ohùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́ kí ẹ sì gbé e dé 30. Ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oríkèé dídùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò: Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ẹ jó fún ìṣẹ́jú 45 láìjókòó. Bí ẹ bá lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìdi irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ara yín ti múra tán.

Ìpele 3: Ọjọ́ tí ẹ bá dé

Kí gbọ̀ngàn tó kún, ẹ wọ bàtà ijó yín, ẹ dúró ní àárín ilẹ̀, kí ẹ sì yí lórí ẹsẹ̀ kan. Bí bàtà bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ jù, ẹ fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi mímu wà, ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, àti ibi tí ohùn olùkọ́ ti ń dún ketekete. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹnì kan tí yóò jẹ́ alábàáṣe yín fún ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tí ẹ óò jọ máa ṣàtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun kékeré ni ó jọ, ṣùgbọ́n mo rò pé kò sí ìpinnu mìíràn ní ọjọ́ kìíní tí ó ń ranni lọ́wọ́ tó o.

Àyẹ̀wò: Kí ẹ tó sùn, ẹ ti mọ orúkọ ẹni náà, ẹ sì ti jọ dá àkókò.

Ìpele 4: Bí ẹ ṣe máa fi etí kọ́ orin

Ní ọ̀pọ̀ àgọ́ báyìí, olùkọ́ kì í pín ìwé orin ní ìbẹ̀rẹ̀. Yóò kọ ìlà kan, agbo á gbà á, yóò tún un kọ, títí ìlà náà yóò fi dúró kó tó bọ́ sí èkejì. Àgbàlagbà púpọ̀ kò fara mọ́ ọ̀nà yìí, nítorí pé ìwé ló ti mọ́ wọn lára, wọn á sì tètè mú pẹ́ńsù. Ẹ má mú un. Nígbà tí ọwọ́ bá ń kọ ọ̀rọ̀ ìlà kìíní, etí ti pàdánù ohùn ìlà kejì.

Ẹ gbọ́ ìlà náà ní ìgbà kìíní pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ní ìgbà kejì, ẹ máa mi ètè tẹ̀lé olùkọ́ láìjẹ́ kí ohùn jáde, kí ẹ sì máa wo ẹnu rẹ̀, pàápàá bí èdè orin náà kò bá yé yín. Ní ìgbà kẹta ni kí ẹ tó kọ ọ́, jẹ́jẹ́, kí ẹ lè máa gbọ́ olùkọ́ nígbà tí ẹ̀yin náà ń kọrin. Ẹni tí ó bá pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀, ohun tí ó bá sì ṣì kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ti di tirẹ̀ nìyẹn. Yíyọ ọ́ kúrò á le ju kíkọ́ rẹ̀ lọ.

Mẹ́ta ni ohun tí ẹ ń kọ́ pọ̀: ọ̀rọ̀, ohùn orin, àti ibi tí a ti ń mí. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí agbo bá sinmi. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà lásán pẹ̀lú ìwọ̀n ìlù rẹ̀, láìkọrin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi "la, la" kọ ohùn rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa tí èdè wa ní ohùn, nítorí pé a ti mọ̀ lára pé bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ ni orin ń tẹ̀lé e. Nínú àwọn èdè tí kò ní ohùn bíi tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà lè gun òkè ní ẹsẹ kìíní kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ kejì, ẹni tí ó bá sì ti lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ á dàrú níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ wá mú pẹ́ńsù nísinsìnyí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bí etí yín ṣe gbọ́ ọ, ní àkọtọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín lè kà, kí ẹ sì fi àmì sí orí sílébù kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bóyá ohùn ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí ó dúró. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sí Yorùbá ti ní ohun èlò tí ó tó fún iṣẹ́ yìí. Àmì mẹ́ta kò lè sọ gíga tàbí ìsàlẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan ní pàtó, ṣùgbọ́n ó máa ń tó láti rán etí létí ibi tí orin gbà. Ẹ béèrè ìtumọ̀ orin náà pẹ̀lú, ó kéré tán gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá orin ìgbéyàwó tàbí orin ẹkún ni òun ń kọ kò lè mọ ojú tí òun máa fi kọ ọ́.

Bí orin bá ní ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń lọ pọ̀, ẹ yan ọ̀kan kí ẹ sì dúró tì í. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó mọ ohùn náà dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ lọ dúró láàárín ẹni méjì tí ń kọ ohùn mìíràn. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá ẹ ti mọ ọ́n, àbí ẹ kàn ń fara ti aládùúgbò yín. Nínú orin tí ohùn kan ti ń fà gbọọrọ lábẹ́ ohùn yòókù, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Georgia àti Bulgaria, ẹ má rò pé ẹni tí ń fa ohùn ìsàlẹ̀ náà kò ṣe nǹkan kan. Òun ni gbogbo agbo dúró lé, bí ohùn rẹ̀ bá sì rọlẹ̀ díẹ̀, orin á rọlẹ̀ tẹ̀lé e. Kí àwọn elégbè mélòó kan máa gba èémí ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ohùn náà má baà já.

Àyẹ̀wò: Ẹ bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ẹsẹ kejì, láìkọ́kọ́ kọ ẹsẹ kìíní. Bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, orin náà ti wọlé. Bí ẹ bá ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó rántí, okùn kan ṣoṣo ni ẹ fi ń fà á, okùn náà á sì já.

Ìpele 5: Bí ẹ ṣe máa kọ́ ijó

Ìlù ló ń ṣáájú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó wo ohun tí ẹsẹ̀ olùkọ́ ń ṣe, ẹ pàtẹ́wọ́ sí ìlù náà títí tí yóò fi mọ́ yín lára. Nínú ijó Balkan, ìyẹn ti agbègbè gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ìlù kò pín sí ọgbọọgba. Lesnoto ti Makedóníà ní kíkà méje tí a pín sí 3, 2 àti 2. Ẹ máa sọ ọ́ pé "fà, yá, yá". Rachenitsa ti Bulgaria ní méje bákan náà, ṣùgbọ́n 2, 2 àti 3 ni tirẹ̀: "yá, yá, fà". Kopanitsa ní mọ́kànlá: 2, 2, 3, 2, 2, tí í ṣe "yá, yá, fà, yá, yá". Ẹ má gbìyànjú láti ka oókan dé mọ́kànlá nígbà tí ẹ bá ń jó, nítorí pé ahọ́n kò lè bá ẹsẹ̀ sáré báyẹn. "Fà" àti "yá" ni kí ẹ máa wí.

Lẹ́yìn ìlù, ohun tí ó kàn ni ibi tí ìwúwo ara wà. Ìgbésẹ̀ àti fífi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lásán jọ ara wọn lójú òǹwòran, ṣùgbọ́n nínú ìgbésẹ̀, ara kọjá sórí ẹsẹ̀ náà. Nínú kíkàn, ara kò kúrò níbi tí ó wà. Bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ òsì yín wà nílẹ̀ nígbà tí ti gbogbo ènìyàn wà lókè, ibì kan wà tí ẹ ti gbé ara lé ẹsẹ̀ tí ẹ kàn yẹ kí ẹ fi kan ilẹ̀. Ẹ jó o ní ìdá mẹ́rin ìyára rẹ̀, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti bi ara yín pé: ẹsẹ̀ wo ló ṣófo? Ẹsẹ̀ tí ó ṣófo ni yóò gbéra tẹ̀lé e. Àṣìṣe tí a bá fi ọjọ́ méjì wá, ìbéèrè yìí sábà máa ń tú u wò ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ẹ ń wò. Nínú agbo róbótó, ẹni tí ó kọjú sí yín ń lọ sí apá òdìkejì lójú yín, bí ẹ bá ń fara wé e, ẹ óò yí ọ̀tún pa dà di òsì. Ẹni tí ó yẹ kí ẹ máa wò ni ẹni tí ó wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú yín, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta sí iwájú. Ẹ má sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀, nítorí pé ìbàdí ti ń sọ ibi tí ara ń lọ kí ẹsẹ̀ tó débẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ìlà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ìdí ìlà ni kí ẹ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ijó Balkan, aṣáájú wà ní ìparí apá ọ̀tún, ìlà náà sì ń lọ sí ọ̀tún, nítorí náà apá òsì ni àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń wọlé. Wíwọ àárín aṣáájú àti ẹni tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ìwà àìnífẹ̀ẹ́ sí agbo, bí ó ti wù kí ijó náà dùn mọ́ yín tó. Bí ẹ kò bá tíì mọ ijó náà, ẹ dúró lẹ́yìn ìlà kí ẹ máa jó o níbẹ̀ láìdi ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú, títí tí ẹsẹ̀ yín yóò fi bá tiwọn mu.

Ijó oní-méjì-méjì bíi contra, níbi tí àwọn alábàájó ti ń tò sí ìlà gígùn méjì tí ó kọjú síra, ní òfin mìíràn. Orin rẹ̀ sábà máa ń gba kíkà 64 kí ó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìṣípòpadà sì ti ní iye kíkà tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdánù ibì kan kò gbọ́dọ̀ dúró parí rẹ̀. Kí ó fò ó, kí ó sì lọ síbi tí ìṣípòpadà tí ó kàn ti máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlà lè dàrú nítorí ẹnì kan tí ó fẹ́ parí ohun tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Bí yíyí pẹ̀lú alábàájó bá ń mú kí òòyì kọ́ yín, ẹ tẹjú mọ́ ojú rẹ̀ tàbí etí rẹ̀, kí ẹ má wo ògiri tí ń yí. Bí kò bá sì dẹ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn láti wo ojú ara yín, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tó. Ọwọ́ dídì kò gbọ́dọ̀ di fífún: ẹ má fi àtàǹpàkò há ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ má sì gbé ìwúwo yín kọ́ ọ léjìká. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò fẹ́ jó tàbí òun kò fẹ́ kí a yí òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí síbẹ̀, kò ní láti sọ ìdí.

Àyẹ̀wò: Ẹ jó o láìsí orin, lẹ́yìn náà, ẹ jó o sí orin láìsí ẹni tí ń pe ìgbésẹ̀, ní ìkẹyìn, ẹ jó o nígbà tí ẹ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ijó tí ó bá la ìdánwò kẹta yìí já kò tún ní sá lọ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ìpele 6: Gbígbà sílẹ̀ àti àtúnyẹ̀wò ìrọ̀lẹ́

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹ tó gbé fóònù sókè, kí ẹ sì béèrè bóyá ó fẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tàbí kí ó jẹ́ tiyín nìkan. Ìparí ẹ̀kọ́, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti jọ, ni àkókò tí ó dára jù. Kí ohùn yín kọ́kọ́ sọ orúkọ orin tàbí ijó náà, ibi tí ó ti wá, orúkọ olùkọ́ àti ọjọ́ náà. Fún ijó, ẹ gba ẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí òsì àti ọ̀tún má baà yí pa dà nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Fún orin olóhùn púpọ̀, ẹ súnmọ́ ẹni tí ń kọ ohùn tiyín, kí ẹ sì tún gba gbogbo agbo láti ọ̀ọ́kán. Fáìlì tí kò ní orúkọ kì í ṣe ohun ìrántí fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bá alábàáṣe yín jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́tí sí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n á sì rò pé àwọn mọ̀ ọ́n nítorí pé ó dún bí ohun tí a mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti kọ ọ́ tàbí jó o láti inú orí yín, kí ẹ sì lo fóònù kìkì fún ibi tí ó bá já. Ìyọnu díẹ̀ tí a fi ń wá a nínú orí ni ó ń jẹ́ kí ó dúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ sùn. Oorun òru wà lára ohun tí ń jẹ́ kí ìgbésẹ̀ tuntun fìdí múlẹ̀ nínú ọpọlọ, ẹni tí ó bá sì ń sùn fún wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ nítorí agbo ijó òru ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ nù.

Àyẹ̀wò: Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun, ẹ kọ ìlà kìíní orin àná. Bí ó bá jáde láìsí wàhálà, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá jáde, ẹ má fi orin tuntun kún un ní ọjọ́ náà.

Ìpele 7: Kí ohùn àti ẹsẹ̀ lè dé ọjọ́ ìkẹyìn

Ní òwúrọ̀, ẹ má fi orin gíga jí ohùn. Ẹ kùn pẹ̀lú ẹnu pípadé fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa ohun mímu sẹ́nu, kí ẹ sì kùn gba inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ó ń jẹ́ kí tán-án-ná, ìyẹn awọ méjì inú ọ̀fun tí ń mú ohùn jáde, máa gbọ̀n láìsí pé wọ́n ń fi agbára lu ara wọn. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀, torí omi tí a mu nígbà tí a bá fẹ́ kọrin kò tíì dé ibi tí ó ń lọ.

Bí ohùn bá ń há, ẹ má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní èrò pé ẹ ń sinmi. Sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lè tún fún ọ̀fun mọ́ra. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìsinmi. Ẹ má máa ha ọ̀fun lemọ́lemọ́, ẹ gbé omi mì dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohùn tí ó bàjẹ́ ní àgọ́, ibi oúnjẹ ni ó ti bàjẹ́, níbi tí ènìyàn ọgọ́rùn-ún ti ń pariwo láti gbọ́ ara wọn. Bí ó bá ṣe dandan, ẹ mú àwo yín jáde síta. Ohùn tí ó bá wà ní híhá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn àgọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní ti ẹsẹ̀, ẹ lẹ báńdéèjì mọ́ ibi tí ó bá ń gbóná kí ó tó bó. Ìrora tí ó wà káàkiri iṣan á lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó gún ibì kan ṣoṣo bí abẹ́rẹ́, tàbí oríkèé tí ó wú, ń sọ pé kí ẹ jókòó. Òòrùn náà kò ṣeé fi ṣeré: ẹni tí òòyì bá ń kọ́, tí ó ń fẹ́ bì, tí iṣan rẹ̀ ń kì í mọ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ kúrò lójú ijó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a gbé e sí ibòji, kí a fi omi tútù sí i lára, kí ó sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá dàrú, ẹ pe àwọn onímọ̀ ìṣègùn láìdúró.

Ẹ yan ọ̀sán ọjọ́ kan ní àárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì lọ sí kíláàsì kankan. Àwọn ènìyàn máa ń kọ̀ láti ṣe èyí nítorí owó tí wọ́n san. Ìsinmi ọ̀sán kan náà ni ó máa ń ra ọjọ́ méjì tí ó kẹ́yìn padà fún wọn.

Àyẹ̀wò: Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ lè fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ ohùn orin tí ó ga jù nínú orin tiyín. Bí ohùn kò bá jáde àfi tí ẹ bá pariwo, tán-án-ná ti rẹ̀, kí ẹ sinmi ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìpele 8: Oṣù kìíní lẹ́yìn àgọ́

Kí ọjọ́ méjì tó kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ẹ ka ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì yan orin méjì àti ijó méjì péré. Èyí ni ó máa ń le jù fún àwọn ènìyàn, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Ìyókù kò sọnù. Ó wà nínú fóònù yín, ẹ sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn.

Ẹ gbìyànjú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú orí ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá àti ọjọ́ ọgbọ̀n, kí ẹ sì máa ṣàtúnṣe ibi tí ó bá já pẹ̀lú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ kẹrìnlá sí ọgbọ̀n, ẹ kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ sọ orúkọ olùkọ́ tí ó kọ́ yín àti ibi tí orin náà ti wá fún un, bí olùkọ́ bá sì ti sọ pé kí ẹ má fi kọ́ni, ẹ yan òmíràn. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá bi yín tí ẹ kò lè dáhùn ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún àgọ́ tí ń bọ̀.

Àyẹ̀wò: Ní ọjọ́ ọgbọ̀n, ẹ lé orin náà, kí ẹ sì dákẹ́ ní ìlà kẹta. Bí ẹni tí ẹ kọ́ bá gbé e lọ láìsí yín, iṣẹ́ ti parí lórí orin náà, ẹ lè wá ṣí fóònù láti mú òmíràn.